Omi gbígbóná ń jẹ gáàsì: Kí ni ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko lè ṣe sí i?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ará Èkó ló gbé sílíńdà kiri kí wọ́n tó rí gáàsì rà. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ PENGASSAN, lórí ọ̀rọ̀ àárín wọn àti iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote, ló dá gbígbé gáàsì dúró ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ìyanṣẹ́lódì náà fi wà, àmọ́ ó pẹ́ kí ipa rẹ̀ tó tán lọ́jà. Láwọn àdúgbò kan, kílò kan wọ ₦2,000. Ọ̀gá àgbà NNPC, Bayo Ojulari, sọ nígbà náà pé ìdádúró yẹn ló fà á, àti pé nǹkan máa padà bọ̀ sípò.

Ọ̀wọ́n yẹn lọ, àmọ́ ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún gbogbo ilé tó ń fi gáàsì dáná láti Volks dé Ìyànà Ìbà, títí wọ Okokomaiko: kí ni gáàsì inú ilé ń ṣe gan-an? Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ń gbé omi kaná lójúmọ́: omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun àti ìyá ọlọ́mọ, omi ìwẹ̀ àgbàlagbà, omi tíì, omi ẹ̀bà, omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ọlọ́ràá. Omi gbígbóná ń gba apá tí kò kéré nínú sílíńdà, ibẹ̀ sì ni ìnáwó ti rọrùn jù lọ láti dín kù.

Kí ló gbé owó gáàsì sókè?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nǹkan bíi ₦4,000 ni wọ́n ń rọ sílíńdà kílò 12.5. Kí ọdún yẹn tó parí, owó náà ti lọ sókè gan-an, ó sì tó ìlọ́po méjì láwọn ibì kan. Lára ohun tó fà á ni pé púpọ̀ nínú gáàsì ìdáná ló ń wá láti òkè òkun, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà pàápàá, iye tí wọ́n ń tà á lágbàáyé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá owó lé e. Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà 2023, kò sí bí gáàsì ò ṣe ní gbówó lórí.

Kì í ṣe pé ìjọba ò gbé ìgbésẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2022, iléeṣẹ́ NLNG tó wà ní Bonny kéde pé gbogbo propane àti butane tí òun ń ṣe, èyí tí wọ́n ń lò fún gáàsì ìdáná, Nàìjíríà lòun máa tà á sí. Ní ìparí 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó orí VAT àti owó ẹnubodè kúrò lórí gáàsì tó ń wọlé. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Ekperikpe Ekpo, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gáàsì, kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, wọn ò gbọdọ̀ kó gáàsì tí wọ́n ṣe nílé lọ sókè òkun mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń ra kílò méjì méjì ní Okoko kò rí i kí owó padà sí ti 2021. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lẹ́rán máa dúró de ìjọba nìkan.

Ìṣirò omi ìwẹ̀

Ẹ wo ilé tí èèyàn mẹ́ta ti ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n á gbé omi lítà mẹ́wàá kaná títí yóò fi gbóná débi tí ọwọ́ ò lè gbà á, wọ́n á wá fi omi tútù là á.

Nǹkan bí ìdajì ooru iná gáàsì ló ń wọ inú ìkòkò. Ìyókù ń bá atẹ́gùn lọ. Bí a bá fi èyí ṣírò rẹ̀, omi lítà mẹ́wàá yẹn máa jẹ nǹkan bíi gírámù 75 gáàsì. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó ti di kílò méjì àti díẹ̀, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́fà sílíńdà kílò 12.5. Tí kílò kan bá jẹ́ ₦1,200, nǹkan bíi ₦2,700 lóṣù nìyẹn, fún omi ìwẹ̀ àárọ̀ nìkan. Omi ẹ̀bà àti omi tíì ò sí níbẹ̀.

Ṣé iná ìjọba sàn ju gáàsì lọ?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò. Kẹ́tùlù oníná kì í fi ooru ṣòfò bíi gáàsì, torí inú omi gan-an ni irin tó ń gbóná wà. Omi lítà mẹ́wàá yẹn kò ní jẹ ju nǹkan bí ìdajì yúníìtì iná lọ. Lóṣù kan, ó máa tó yúníìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti díẹ̀.

Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko wà lábẹ́ iléeṣẹ́ iná Eko Disco. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024 tí àjọ NERC ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225, ọ̀nà ti yà sí méjì. Wọ́n dín owó náà kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì wà ní ₦209.50 ní oṣù Keje ọdún yẹn. Àwọn tó wà ní Band B títí dé E kò sí nínú àfikún náà.

Ẹ fi wéra wàyí. Ẹni tó wà ní Band A máa san nǹkan bíi ₦3,250 lóṣù fún omi tí ₦2,700 gáàsì ń ṣe, kí wọ́n tó fi VAT kún un. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, gáàsì ṣì dín owó, àfi tí kílò kan bá gòkè tó nǹkan bíi ₦1,500. Nígbà ọ̀wọ́n 2025, kẹ́tùlù ló jàre. Àmọ́ ẹni tí yúníìtì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦65, nǹkan bíi ₦1,000 ni tiẹ̀ máa jẹ́. Èrè ńlá nìyẹn.

Ìṣòro ẹni tí iná rẹ̀ dín owó ni pé iná náà lè má wá láàárọ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbàkígbà tí iná bá dé, kódà kó jẹ́ òru, kí wọ́n se omi sínú fláàsìkì ńlá. Fláàsìkì tó dáa á gbé omi gbígbóná di àárọ̀. Ẹni tó wà ní Band A ò gbọdọ̀ rò pé torí iná wà, kí òun máa fi se gbogbo omi. Iye tí gáàsì jẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn ni kó kọ́kọ́ wò.

Ilé tí wọ́n jọ ń gbé ńkọ́?

Ìṣirò yìí rọrùn fún ẹni tó dá mítà ní. Àmọ́ ní ẹ̀yìn LASU àti ní ọ̀pọ̀ òpópónà Okokomaiko, ilé tí yàrá dojú kọ yàrá ló pọ̀, mítà kan sì ni ayálégbé mẹ́wàá lè jọ ń lò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù fi ka kẹ́tùlù àti wáyà tí wọ́n fi ń se omi léèwọ̀.

Wọn ò jẹ̀bi tán. Kẹ́tùlù kan ń fa nǹkan bí amp mẹ́sàn-án. Tí yàrá mẹ́wàá bá tan tiwọn pọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó ti di àádọ́rùn-ún, wáyà ilé àtijọ́ ò sì lè gbé e. Ibi tí iná ti ń ṣẹ́ nìyẹn. Wáyà tí wọ́n ń kì bọ garawa tún léwu fúnra rẹ̀, pàápàá níbi tí ọmọdé wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ omi náà kó tó yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé lánlọ́ọ̀dù ló ń pinnu, ayálégbé ló ń san owó gáàsì. Mítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún yàrá kọ̀ọ̀kan àti wáyà tuntun lè yí i padà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé jókòó sọ ni.

Oòrùn kì í gba owó

Ooru tí wọ́n ń fi gáàsì wá wà lórí òrùlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ omi tó ń bọ̀ láti táńkì dúdú lórí òrùlé ní aago mẹ́ta ọ̀sán mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì dúdú tó mọ́, tí wọ́n gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀, omi náà máa lọ́wọ́ọ́wọ́ tó láti fi wẹ̀ nírọ̀lẹ́, láìtan iná rárá. Kódà tí wọ́n bá fẹ́ kó hó, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti díìgírì 45 dípò 27, gáàsì tó máa jẹ máa dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹ́míkà rí ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, omi náà kì í sì í ṣe fún mímu.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti tálákà. Ní Ísírẹ́lì, òfin ti wà láti ọdún 1980 pé ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn se omi. Ní Gẹ̀ẹ́sì náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń fi gáàsì mú ilé gbóná, wọ́n ń gba àwọn onílé nímọ̀ràn láti dín ooru tí ẹ̀rọ wọn ń gbé jáde kù, láti ìgbà tí ogun Ukraine ti gbé owó gáàsì sókè ní 2022. Tí òtútù gidi bá lè kọ́ wọn ní ṣíṣọ́ gáàsì lò, kò yẹ kí oòrùn Èkó máa ṣòfò.

Nínú ìkòkò ńkọ́?

Kí wọ́n rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí wọ́n tó gbé e kaná. Kí wọ́n dé ìkòkò pa. Kí wọ́n má gbé omi ìkòkò kan kaná fún ẹ̀bà ẹni kan. Tí ìrẹsì tàbí ẹ̀wà bá ti hó dáadáa, wọ́n lè gbé e kúrò, kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn wé e, kó máa jinná lọ fúnra rẹ̀. Iná gáàsì tó pọ́n, tó ń kun ìdí ìkòkò, ń jẹ owó. Kí wọ́n fọ ojú rẹ̀ títí yóò fi jó búlúù.

Ohun tó wà nílẹ̀

Tí gáàsì bá wọ́n, èédú ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ bá, èéfín rẹ̀ sì ń pani. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé lọ́wọ́ nínú ikú èèyàn mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020. Àwọn mìíràn ń kó sílíńdà pamọ́ sí yàrá nítorí ọ̀wọ́n. Ó sì yẹ kí ará Ọ̀jọ́ rántí Àbúlé Adó tó wà nítòsí, níbi tí ìbúgbàù ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2020 ti pa èèyàn tó lé ní ogún. Àlàyé NNPC nígbà náà ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí páìpù epo.

Nítorí náà, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìdínkù gáàsì mú ẹnikẹ́ni padà sídìí èédú, tàbí kó sọ yàrá di ilé ìtọ́jú sílíńdà. Gáàsì ṣì dára. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀, kí oòrùn, fláàsìkì àti kẹ́tùlù gba iṣẹ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ti ìjọba ni kí iná dé déédéé sí àwọn àdúgbò tí kò sí ní Band A, kí mítà sì kárí. Ti ilé kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n rọ gáàsì sára ògiri, kí wọ́n dán ìwọ̀nyí wò fún oṣù kan, kí wọ́n sì ka ọjọ́ tí sílíńdà fi pẹ́ sí i.