Gbígbé Ìdíje Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì Sáfẹ́fẹ́ Lójú Ẹsẹ̀: Èrò Tèmi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè lónìí, inú ilé wa ni a óò jókòó sí tí a óò máa wò ó. Bákan náà ni ó rí fún ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ohun tí ó dára fún eré ẹlẹ́sẹ̀ dára fún ayò tí a ń fi ọgbọ́n orí ta? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ìwọ òǹkàwé bá mi gbé yẹ̀ wò. Ní tèmi, ó yẹ kí a máa gbé ìdíje náà sáfẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kí ohun tí òǹwòran ń rí fi ìṣẹ́jú 15 rẹ̀yìn sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lórí pátákó ayò.

Kí a tó máa jiyàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. FIDE ni àjọ tí ó ń ṣàkóso ayò ṣẹ́ẹ̀sì ní gbogbo àgbáyé. Ìlú Paris ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1924. Ìdíje tí orílẹ̀-èdè fi ń bá orílẹ̀-èdè ta ayò yìí ni à ń pè ní Olimpíádì ṣẹ́ẹ̀sì. London ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní ọdún 1927, tí Hungary sì gba ipò kìíní. Ní ọdún 1957, ti àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Emmen, ilẹ̀ Netherlands. Ẹni mẹ́rin ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń gbé síwájú, ẹni karùn-ún a sì wà ní ìpamọ́. Pátákó mẹ́rin ni wọ́n ń ta lẹ́ẹ̀kan náà, àròpọ̀ èrè orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì ń sọ ẹni tí ó borí.

Èrè kìíní tí ó wà nínú gbígbé e sáfẹ́fẹ́ ni ẹ̀kọ́. Wọ́n ti ṣe pátákó kan tí ó jẹ́ pé bí ọ̀tayò bá ti gbé ọmọ ayò láti ojú kan sí òmíràn, kọ̀ǹpútà yóò mọ̀, yóò sì fi í hàn kárí ayé. Ní Budapest, ní ọdún 2024, India gba ipò kìíní ní ìpín gbogbogbòò, ó sì tún gbà á ní ti àwọn obìnrin. Àmì 21 nínú 22 ni wọ́n gbà ní ìpín gbogbogbòò. Gukesh, ọmọ ọdún 18, wà nínú wọn. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di ọ̀ta gbogbo àgbáyé. Ọmọ tí kò rí owó ọkọ̀ òfúrufú san lè jókòó sí ìlú rẹ̀, kí ó máa wo bí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ronú.

Èrè kejì ni ìmóríyá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Túndé Ọnàkọ̀yà, ọmọ Nàìjíríà, ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní New York, kí ó lè rí owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìní. Àwọn tí wọn kò mọ ọba yàtọ̀ sí ẹṣin lórí pátákó bá a ṣàìsùn. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń rí i lójú ẹsẹ̀, ta ni ìbá ṣàìsùn nítorí ayò?

Ṣùgbọ́n bí a ti ń sunkún ni à ń ríran. Láti ọdún 1997 tí kọ̀ǹpútà Deep Blue ti borí Kasparov, tí í ṣe ọ̀ta àgbáyé nígbà náà, ni ọgbọ́n ẹ̀rọ ti ń ga ju ti ènìyàn lọ nínú ayò yìí. Ní ọdún 2010, ní Khanty-Mansiysk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, àwọn ará Faransé mẹ́ta kan gbìmọ̀. Ọ̀kan jókòó sí ilé ní Faransé, ó ń wo ayò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń bi kọ̀ǹpútà léèrè, ó sì ń fi èsì ránṣẹ́ lórí fóònù sí olórí ikọ̀ wọn. Olórí ikọ̀ náà a wá lọ dúró nídìí tábìlì kan tàbí òmíràn, ibi tí ó bá dúró sí ni àmì fún ọ̀tayò. Ní ọdún 2012, FIDE fi ìyà jẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nítorí èyí, àwọn kan ní kí a má ṣe gbé e sáfẹ́fẹ́ mọ́. N kò bá wọn lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọdún 2022, nígbà tí awuyewuye dé bá ìdíje Sinquefield Cup ní Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú 15 ni àwọn alákòóso fi dá àwòrán náà dúró. Ẹni tí ó wà nílé kò ní í rí ojú ayò àfi nígbà tí ọ̀tayò bá ti kọjá ibẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀tayò lè fi ju ìṣẹ́jú 15 lọ ro ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a tún gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọ̀tayò àti olórí ikọ̀ wọn, kí a sì yẹ ara wọn wò.

Àwọn òǹwòran lè sọ pé adùn yóò lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tí ì gbọ́ àbájáde, tuntun ni ohun tí ó ń rí lójú rẹ̀. Ìwọ tí ò ń múra ìdánwò, wo ìwé ìbéèrè. Lẹ́yìn ìdánwò, a ń tà á lọ́jà, olùkọ́ ń fi í kọ́ni, kò sì sí ẹni tí yóò bínú. Ṣùgbọ́n bí ìwé kan náà bá jáde kí ìdánwò tó parí, iṣẹ́ ẹni tí ó fi òru kàwé ti di òfo. Àsìkò tí ó jáde ni ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tàbí olè.

Ní ìparí, èrò mi ni pé kí a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún òǹwòran, kí a má sì ṣí i fún arẹ́nijẹ. Ìṣẹ́jú 15 kò pọ̀ jù fún wa láti fi dúró, kí ẹni tí ó bá borí lè borí pẹ̀lú ọgbọ́n orí ara rẹ̀.