Ọ́fíìsì tó fẹ́ gbòòrò, ṣé ó lè súnkì?

Ní oṣù tó kọjá, àǹtí mi gbé àwòrán kan sí iwájú mi lórí tábìlì oúnjẹ. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ń lọ sí yunifásítì, bá mi wò ó dáadáa. Mi ò fẹ́ kí owó mi ṣòfò." Àwòrán ọ́fíìsì tuntun ni, tí iléeṣẹ́ kan tó ń tún inú ilé ṣe ní Dubai yà fún wọn. Iṣẹ́ kágò ni àǹtí mi ń ṣe ní Sharjah Industrial Area. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, táyà, fìríìjì, aṣọ, gbogbo ohun tí àwọn ará Èkó bá rà níbí ni wọ́n ń bá wọn dì, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. Ènìyàn mẹ́ta péré ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Lónìí, wọ́n ti di mọ́kàndínlógún, ọ́fíìsì àtijọ́ kò sì gbà wọ́n mọ́.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí tàbí tí wọ́n tọ́ sí òkè òkun bíi tèmi, ẹ ó mọ irú iṣẹ́ yìí. Láti kékeré la ti ń bá àwọn òbí wa ka lẹ́tà báńkì àti ìwé àdéhùn ilé. Bí òwò wọn ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń gbé síwájú wa ń wúwo sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, owó tí wọ́n fi ọdún mẹ́fà kó jọ ló wà nínú ìwé tí mo dì mú.

Àwòrán náà rẹwà, mi ò ní purọ́. Yàrá gbalasa kan ni, tí kò ní ògiri láàárín. Tábìlì funfun gígùn mẹ́ta, yàrá ìpàdé onígíláàsì, ewéko oníke tó gun ògiri lọ sókè. Ẹni tó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún àǹtí mi ní ọ́fíìsì náà máa rọrùn láti yí padà, kò ní pa àyíká lára, àti pé ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ máa jókòó pọ̀ bí ẹbí kan. Mo wá ka àga. Mọ́kànlá ni. Àwọn mẹ́jọ tó ń wọn ẹrù, tí wọ́n ń dì í, tí wọ́n sì ń wa ọkọ̀ kò sí nínú ẹbí náà.

Èmi kò bá ọ́fíìsì gbalasa jà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní Jámánì, Eberhard àti Wolfgang Schnelle, bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọ́fíìsì báyìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni bí ìwé àti ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó mọ ibi tí tábìlì máa wà. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àǹtí mi. Níbi iṣẹ́ tiwọn, ìdí òṣùwọ̀n ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wọn ẹrù á pariwo iye kílò, ẹni tó ń kọ owó á pe oníbàárà lórí WhatsApp, oníbàárà á ná an, nígbà mìíràn wọ́n á tún páálí tú láti yọ nǹkan kúrò. Nínú àwòrán tuntun, ilẹ̀kùn gíláàsì àti pálọ̀ àlejò ló wà láàárín àwọn méjèèjì yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni ti "dídàgbà". Àwòrán náà gbà pé mọ́kàndínlógún máa di ọgbọ̀n, ọgbọ̀n á sì di àádọ́ta. Ẹni tó bá ń ṣòwò láàárín UAE àti Nàìjíríà mọ̀ pé nǹkan kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, UAE dá físà dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Kí oṣù náà tó parí, Emirates dá ìrìn àjò ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ sí Nàìjíríà dúró nítorí owó rẹ̀ tó há síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ó sì já wálẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Emirates tó padà sí Èkó. Láàárín àkókò yẹn, àwọn oníbàárà tó máa ń wá yan ẹ́ńjìnnì fúnra wọn kò rí ọ̀nà wá. Àǹtí mi dá ènìyàn márùn-ún dúró lẹ́nu iṣẹ́. Owó ilé kò dín kọ́bọ̀. Òwò yìí máa ń wú bíi búrẹ́dì, ó sì máa ń súnkì bí aṣọ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi ẹni tó ya àwòrán ni pé, bí a bá padà di mẹ́jọ, apá ibo la máa lè tì pa? Kò ní èsì. Yàrá kan ṣoṣo ni, gbogbo éásì ló ń tutù ú pọ̀. Ènìyàn méjì jókòó o, ènìyàn ogún jókòó o, iye kan náà ni wọ́n máa san fún SEWA lóṣooṣù. Àdéhùn ilé wa tún sọ pé bí a bá ń lọ, a gbọ́dọ̀ dá ilé padà sí bó ṣe wà. Ìyẹn ni pé gíláàsì tí wọ́n fẹ́ dì mọ́lẹ̀ yẹn, a máa sanwó láti gbé e dúró, a ó sì tún sanwó láti yọ ọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù gíga onítáyà àti kọ́tìnnì tó nípọn lè pín yàrá yẹn sí méjì lọ́sàn-án kan ṣoṣo, bí a bá sì ń kó lọ, a ó jù wọ́n sínú ọkọ̀.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí: nínú ilẹ̀. Òjò tó rọ̀ ní UAE ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2024 pọ̀ ju gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣàkọsílẹ̀ láti ọdún 1949 lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ní Sharjah di odò, omi sì dúró láwọn àdúgbò kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, ó wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀, gbogbo páálí tó wà nísàlẹ̀ ló rin. Kí ẹni tó rí ọjọ́ yẹn má gbà kí wọ́n fi iná sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti òkè ni kí wáyà ti sọ̀ wálẹ̀, ìyẹn náà ló sì máa jẹ́ kí tábìlì lè ṣí kúrò níbi tó wà.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ti tábìlì fúnra rẹ̀. Àǹtí mi tí wọ́n ń fi tòkunbọ̀ jẹun, tí wọ́n lè fi etí lásán mọ ẹ́ńjìnnì tó ṣì lágbára, fẹ́ ra tábìlì tuntun àti ewé oníke, kí a lè sọ pé a kò ba àyíká jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tábìlì àti àga ọ́fíìsì àlòkù pọ̀ ní Sharjah. Àǹtí mi ní, "Ti ẹ́ńjìnnì yàtọ̀." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ló ṣe yàtọ̀?" Wọ́n wò mí, wọ́n bu omi mu.

Ti ariwo ńkọ́? Wọ́n ní bí ògiri bá ti kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ní ọdún 2018, Ethan Bernstein àti Stephen Turban ti Harvard tẹ ìwádìí kan jáde lórí iléeṣẹ́ ńlá méjì tó wó ògiri ọ́fíìsì wọn. Ọ̀rọ̀ ojúkojú dín kù ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ímeèlì ló pọ̀ sí i. Àwọn ènìyàn ń wá ibi tí wọ́n máa sá pamọ́ sí.

Èyí kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo bá àǹtí mi ṣiṣẹ́ ní ìsinmi, ẹni tó ń kọ owó gba ìpè láti Ìjẹ̀bú-Òde pé bàbá rẹ̀ ti kú. Gbogbo wa gbọ́ "háà" tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi tó lè fi ojú sí. Ó jáde lọ sínú ọkọ̀ tí a fi ń kó ẹrù, ó tan éásì, ó sì sunkún níbẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, oníbàárà méjì ti ń dúró dè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ owó wọn.

Agbo ilé àwọn baba ńlá wa ní àgbàlá láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yí i ká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n yàrá wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn. Yàrá kékeré méjì tó ní ilẹ̀kùn ni mo bẹ àǹtí mi fún: ọ̀kan fún àdúrà, ọ̀kan fún ìpè àti ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́.

Ó wá ku ooru. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, òfin UAE kọ iṣẹ́ lábẹ́ oòrùn láàárín agogo 12:30 àti agogo mẹ́ta ọ̀sán, ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ pèsè ibòji. Abẹ́ tapólì ni àwọn tó ń dì ẹrù wa ti ń sinmi. Nínú àwòrán tuntun, pálọ̀ àlejò tó ní éásì wà níbẹ̀, àga onírọ̀gbọ̀kú mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tapólì sì wà níta níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Mo ti rí ọ́fíìsì tí wọ́n ro ọ̀rọ̀ ooru sí ní Sharjah yìí kan náà. BEEAH, iléeṣẹ́ tó ń kó ilẹ̀ ìlú, ṣí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2022. Iléeṣẹ́ Zaha Hadid ló yà á. Wọ́n mọ ọ́n bí òkìtì yanrìn aṣálẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ojú ibi tí atẹ́gùn shamal ń gbà, wọ́n fi àgbàlá sí àárín, wọ́n dín gíláàsì tó kọjú sí oòrùn kù, iná oòrùn àti bátìrì ńlá sì ń gbé e ró. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó oníkágò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibòji kì í ṣe ti olówó nìkan. Bí ẹ bá ti bá àwọn òbí yín dé Yunifásítì Ifẹ̀, ẹ ti rí ilé tí Arieh Sharon yà níbẹ̀, tí àjà òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Àjà òkè ló ń ṣíji bo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Páànù kan tó yọ síta dáadáa lójú oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ran éásì wa lọ́wọ́ ju gbogbo ewé oníke yẹn lọ.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí tán, àǹtí mi ò wí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń dì ẹrù, ọmọ Pakistan kan tó ti wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un ní bírò, wọ́n ní kó fi ibi tó fẹ́ kí òṣùwọ̀n wà hàn wá. Kò tilẹ̀ wo gíláàsì. Ó fa ìlà kan láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì owó, ó wá ya àpótí kékeré kan sókè rẹ̀. A bi í pé kí nìyẹn. Ó ní éásì ni.

Àwọn ará Dubai ń mú àwòrán mìíràn bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àga ni mo máa kọ́kọ́ kà.