Ọmọ Ńlá Kọ́ Ni Ọmọ Alára Líle

Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun sórí ìwọ̀n nílé ìgbẹ̀bí, tí nọ́ọ̀sì sì pe "Kílò mẹ́rin ààbọ̀!", ariwo ayọ̀ ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ọkọ á fún gèlè mọ́rí, á bẹ̀rẹ̀ sí jó, á ní òun mọ̀ pé iyán àti mọ́ọ̀tì tí òun ń rọ ìyàwó òun kò lọ lásán. Kò sẹ́ni tó ń wo ètè ọmọ tó ń dúdú bọ̀, tàbí ìhà rẹ̀ tó ń wọnú bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìwọ̀n ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí o. Ìwọ̀n kì í wọn ọkàn.

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá, mi ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí kò tó kílò méjì ààbọ̀ wà nínú ewu lóòótọ́, àwọn ìyá wa sì ti sin irú wọn púpọ̀. Ibẹ̀ la ti wá fò sórí òmíràn, pé bí ọmọ bá ṣe tóbi tó ni ara rẹ̀ ṣe le tó, pé aláboyún gbọ́dọ̀ jẹun ẹni méjì. Irọ́ ni. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bèèrè àfikún oúnjẹ. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bíi kálórì 340 lójúmọ́ ni. Àwo iyán kejì ju ìyẹn lọ.

Kí ló ń mú ọmọ tóbi jù? Ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń fà á ni ṣúgà. Jørgen Pedersen, dókítà ará Dẹ́ńmákì, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ń gba inú ibi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ínsúlínì ìyá, èròjà tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, kì í kọjá. Ọmọ á wá máa ṣe ínsúlínì tirẹ̀ láṣejù. Ínsúlínì yìí ní ń sọ ara di ńlá. Ọ̀rá á kún èjìká, á kún ikùn. Iṣan ọkàn náà á nípọn, pàápàá ògiri tó pín yàrá méjèèjì ìsàlẹ̀, ó sì lè há ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Ògiri yẹn sábà máa ń fà padà láàrin oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó fà padà ńkọ́? Wọ́n ti gé ìwọ́, ṣúgà ìyá ti dá, ínsúlínì ọmọ ò sì tíì dá: ṣúgà á já wálẹ̀ láàrin wákàtí díẹ̀, ara ọmọ á máa gbọ̀n. Sísanra tí à ń jó sí nìyẹn.

Orúkọ àìsàn tó ń mú ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an ń tàn wá jẹ. Àtọ̀gbẹ: ẹni tó ń tọ̀, tó ń gbẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí aláboyún tó sanra, tí ara rẹ̀ ń dán, lọ yẹ ṣúgà wò, ará ilé á ní, "Kí ló gbẹ lára rẹ̀?" Àtọ̀gbẹ inú oyún lè má fi àmì kankan hàn rárá.

Èyí tó burú jù kì í dúró de kí ikùn yọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 lẹ́yìn tí oyún dúró ni ọkàn ọlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí lù. Nígbà yẹn, nǹkan oṣù ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ pẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ni. Ó lè máa rò pé ibà ló ń ṣe òun. Kí oṣù méjì tó pé, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkàn ti wà níbẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù lásìkò náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó mọ ògiri lè kú sọ́nà. Nínú ọmọ 100, bí 1 ló ń bá àbùkù ọkàn wáyé. Bí ìyá bá ti ní àtọ̀gbẹ kó tó lóyún, ó ń tó 3 sí 5. Ẹni tó wá forúkọ sílẹ̀ ní kílíníìkì lóṣù karùn-ún, wọ́n ti kọ́ ilé náà tán kó tó dé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò gbé ẹ̀bi kúrò lórí àjẹ́ tí à ń fẹ̀sùn kàn kí n gbé e ka ìyá lórí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ní àbùkù, ìyá wọn ò ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí ṣúgà ń fà ṣeé dá dúró, nítorí a lè yẹ ṣúgà wò, a sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ, tó sì ń wá ọmọ, kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn ṣúgà, tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Bí ara bá gbà á, kó wà nísàlẹ̀ 6.5% kí oyún tó dé. Kó má fúnra rẹ̀ pa oògùn tì. Bí oyún bá dé, kó bèèrè àwòrán ọkàn ọmọ láàrin ọ̀sẹ̀ 18 sí 22. Ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀, kó mu omi ṣúgà àyẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Bó bá sì ti àwo kejì sẹ́yìn, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níwájú rẹ̀, ẹ má bínú.