Ọsàn Mẹ́rin Nínú Ife Kan

Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, èmi àti màámi yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta omi èso àti smoothie ní àdúgbò wa n'Íbàdàn. Ibẹ̀ ò tóbi, àmọ́ ó mọ́ tónítóní. Ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, wọ́tàmẹ́lónì àti ọsàn kún orí tábìlì, blẹ́ńdà ń dún, fáànù ń fẹ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, ẹ má ṣì mí gbọ́ o.

Àtọ̀gbẹ ń bá màámi fínra. Ọdún kẹta rèé tí dókítà ti ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n sì ti jáwọ́ lóòótọ́. Ọmọbìnrin tó ń tajà kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Mummy, èyí ò ní ṣúgà rárá o. Èso lásán ni." Mo ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ọsàn mẹ́rin ló fún, ó gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀ sí i, ó lọ̀ ọ́, ó sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Háhá wọ inú garawa ìdọ̀tí, omi wọ inú ife. Màámi mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n ní, "Ó mà dùn o! Ṣe òmíì fún mi."

Ọmọ yẹn ò purọ́, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ. Àmọ́ "a ò fi ṣúgà sí i" àti "kò ní ṣúgà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Omi ọsàn tó tó mílílítà 250 ní nǹkan bíi gíráàmù 21 ṣúgà nínú, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré márùn-ún. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 26. Ṣé ẹ rí i pé wọn ò jìnnà síra?

Ẹ lè bi mí pé, ṣé kí a má jẹ èso mọ́ ni? Rárá o! Ní 2015, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé kí ṣúgà má kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Wọ́n ka ṣúgà inú omi èso àti ti oyin mọ́ ọn, àmọ́ wọn ò ka ti èso tí a fi eyín jẹ. Kí ló dé? Nítorí fáíbà ni, àwọn okun tín-tín-tín inú èso. Fáíbà ò jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn yó. Òun gan-an ni asẹ́ yẹn dà nù.

Ní 1977, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún èèyàn mẹ́wàá ní ápù lọ́nà mẹ́ta: odidi, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná, àti omi ẹ̀ nìkan. Omi ápù yá mu ní ìlọ́po mọ́kànlá ju jíjẹ odidi ápù lọ. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ mú kí gbogbo ẹ̀ gba àkókò kan náà, omi ni kò yóni jù, èyí tí wọ́n lọ̀ ló tẹ̀ lé e, odidi ló yóni jù. Ìyẹn ni pé smoothie tí wọn ò sẹ́ sàn ju omi èso lọ, àmọ́ kò tó èso fúnra ẹ̀.

Àwa Yorùbá kì í sọ pé a jẹ ọsàn, a máa ń ní a mu ọsàn ni. Ẹ wo ìyá olọ́sàn etí títì: ó máa bó o yípo, á gé orí ẹ̀, ẹ ó fún un sẹ́nu, ẹ ó sì sọ háhá nù. Lóòótọ́, fáíbà púpọ̀ ń lọ níbẹ̀ náà. Àmọ́ ta ló ń fẹnu fún ọsàn mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú méjì? Ẹnu á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ìkẹta. Blẹ́ńdà ni kì í rẹ̀.

Omi èso yára débi pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ bá já wálẹ̀ lójijì, ó wà lára ohun tí àwọn dókítà ní kó tètè mu. Ohun tó ń gbani lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré lójoojúmọ́.

Wọ́n tún kọ ọ́ sára ògiri ibẹ̀ pé omi aláwọ̀ ewé kan ń "fọ ẹ̀dọ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀dọ̀ ló ń bá wa palẹ̀ májèlé mọ́, kì í dúró de ife ẹnikẹ́ni. Kíndìnrín wa méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 omi látinú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Asẹ́ wo ló tó ìyẹn?

Nígbà tó di alẹ́, màámi gún ìka wọn, wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò. Ó ga. Mi ò lè sọ pé omi ọsàn nìkan ló fà á, torí wọ́n jẹ àmàlà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ò sì tó ẹ̀rí. Ohun tó dùn mí ni ìbéèrè tí wọ́n bi mí: "Ṣebí èso ni mo mu?" Wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú ara àwọn ni.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò pọ̀. Ẹ kọ iye èso tó wà nínú ife kọ̀ọ̀kan sára ògiri dípò "detox". Ẹ ní ife kékeré: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mílílítà 150 lójúmọ́ ni ètò ìlera wọn ní kí omi èso àti smoothie má kọjá. Ẹ má sì sọ fún alátọ̀gbẹ mọ́ pé kò ní ṣúgà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n má sẹ́ ẹ, kí wọ́n má da oyin sí i. Èmi àti màámi ṣì ń lọ. Ìbẹ́pẹ gígé nínú abọ́ kékeré ni wọ́n ń rà báyìí, wọ́n á máa fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ó sì jọ máa tàkúrọ̀sọ. Ó ń gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú.