Àjàní Ògún Pé Àádọ́ta Ọdún: Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Ọmọ Sinimá Àdúgbò!

Ọdún 1976 ni Àjàní Ògún jáde, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní èdè Yorùbá. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love tí tilé-toko mọ̀, ló ṣe Àjàní, ọdẹ tó kọ̀ jálẹ̀ pé olóṣèlú oníwà ìbàjẹ́ kò ní jẹ ilẹ̀ bàbá òun gbé. Ní 2026 yìí, ó pé àádọ́ta ọdún. Ìdùnnú ṣubú layọ̀!

Ọ̀nà jìn kí a tó débẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han ará Èkó ní Glover Memorial Hall. Láti ìgbà náà, ọdún 73 kọjá tí a ń wo fíìmù tí kì í ṣe ti èdè wa. Ní gbọ̀ngàn sinimá bíi Casino ní Yábàá, Pen Cinema ní Agége, Scala ní Ìbàdàn: òyìnbó ń yìnbọn, ará Íńdíà ń kọrin, ará Ṣáínà ń ju ẹsẹ̀. A ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, a sì ń pàtẹ́wọ́ náà ni.

Ọjọ́ tí fíìmù Yorùbá bá fẹ́ wọ àdúgbò, ọjọ́ ọdún ni. Láti àárọ̀ ni mọ́tò tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lérí ti ń ké kiri. Ìyá onígúgúrú á ti tẹ́ igbá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ni fíìmù fúnra rẹ̀ ló máa ń bá a rìn, nítorí owó ńlá ni ẹ̀dà kan ń jẹ, kò sì jẹ́ fi í síkàáwọ́ ẹlòmíràn. Bí alárìnjó ti ń gbé ẹrù láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé agolo fíìmù kiri. Tí wọ́n bá pa iná gbọ̀ngàn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ á là kọjá lókè orí èrò, eruku á máa jó nínú rẹ̀. Ẹnìkan á kígbe sí Àjàní pé kó wẹ̀yìn, gbogbo ilé á gbè é. Orin bá dé, tèwe-tàgbà á gbà á. Télọ̀, tíṣà, awakọ̀ àti ìyálọ́jà, bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí.

Ilẹ̀kùn tí Àjàní ṣí, ọ̀pọ̀ ló gbabẹ̀ wọlé. Ní 1979, Ìjà Òmìnira dé, láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Hubert Ògúndé gbé Ayé dé. Ní 1982, Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde, àwọn olè da fíìmù náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kó o sí gbèsè. Náírà já wálẹ̀, ẹ̀rù òru ń ba èèyàn, fídíò wọ ilé. Gbọ̀ngàn ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn sì di ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Agége lónìí, kí ẹ gbọ́ ohun tí kọ̀ńdọ́ ń pè: “Pen Cinema! Pen Cinema!” Gbọ̀ngàn ti dákẹ́, orúkọ kò dákẹ́.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Adé Love fi wá sílẹ̀ ní 1996. Kúnlé ọmọ rẹ̀ gbé The Figurine wọ sinimá ní 2009, ó sì ṣe Aníkúlápó ní 2022.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ yí ẹ̀rọ nínú ooru, ẹ̀yin ìyá onígúgúrú, ẹ kú iṣẹ́ àná. Ẹ̀yin ni ẹ bá wa sọ gbọ̀ngàn di agboolé.

Ìwọ tó o ní òbí tàbí òbí àgbà tó wo Àjàní Ògún nínú gbọ̀ngàn, lọ jókòó tì wọ́n lónìí. Béèrè ibi tí wọ́n jókòó sí àti ẹni tí wọ́n bá lọ, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.