Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Lọ Sun Orí Òkè

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí a fẹ́ bá yín sọ.

Òkè kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà sí Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ ni òkè ìdọ̀tí tó wà ní Ìgàndo. Bí òjò bá rọ̀, òórùn rẹ̀ á bá wa dé yàrá. Adágún tí a mọ̀ kò sì ju omi tó máa ń dárogún sójú títì lọ. Síbẹ̀, àwa yìí kan náà là ń jókòó sí kíláàsì, tí à ń ṣàtúpalẹ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tó jáde ní 1938. À ń kọ ojú ewé márùn-ún lórí igbó tí a kò wọ irú rẹ̀ rí, àti lórí Òkè Láńgbòdó nígbà tí ọ̀pọ̀ wa kò gun òkè kankan rí.

Ìdí nìyí tí àwa mẹ́rin fi ní ká lọ pàgọ́ sórí òkè Àdó-Àwáyé, nítòsí Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ká sùn ibẹ̀ mọ́jú. Adágún Ìyáké wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ òkè ló wà o, orí òkè gan-an ni omi náà dúró sí.

Ilé ni àtakò ti bẹ̀rẹ̀. Màmá ọ̀kan nínú wa ní Ìkòtún béèrè pé, "Orí òkè wo? Ìjọ wo ló ń kó yín lọ? Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ fi gbààwẹ̀?" Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé kì í ṣe àdúrà, wọ́n ní, "Ẹ ò gbàdúrà, ẹ ò ṣọdẹ, kí lẹ wá fẹ́ sun inú igbó fún? Ìwà òyìnbó nìyẹn." Bàbá ẹnì kejì ní Ẹ̀gbẹ́dá kò tilẹ̀ pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ṣé ẹ kì í gbọ́ ìròyìn ni?"

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣeré. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń ba àwa náà. Ṣùgbọ́n ti màmá ni a kò fara mọ́. Ta ló sọ fún wọn pé òyìnbó ló kọ́ wa ní àgọ́ pípa? Àwọn ọdẹ wa ń kọ́? Àwọn àgbẹ̀ tó ń sun ahéré ní oko etílé àti oko egàn ń kọ́? Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, ní nǹkan bíi 1830. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin wọn àtijọ́ ṣì wà lókè lọ́hùn-ún. Àwọn màmá wa fúnra wọn tó ń gbé ẹní, fúláásìkì àti tọ́ọ̀ṣì lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ni wọ́n ń ṣe bí kò ṣe àgọ́ pípa?

Níkẹyìn, a fi ẹnu ọ̀rọ̀ jónà. Wọ́n ní ká lọ, ṣùgbọ́n ká má sun orí òkè. A wọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà lọ sí Ìbàdàn, a gba ibẹ̀ dé Ìsẹ́yìn, a sì sùn sí ìsàlẹ̀ ìlú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn náà, tí wọ́n ní ó jẹ́ 369. Bàbá àgbàlagbà kan ló mú wa lọ.

Bí a ṣe ń gòkè, bàbá fọwọ́ kan igi kan, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ Èkó, kí lorúkọ èyí?" Gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Akòko nìyí." Ojú tì wá. Ìgbà mélòó ni a ti kọ ọ́ nínú ìdánwò pé wọ́n fi ewé akòko lé olóyè lórí? A mọ ọ̀rọ̀ náà, a ò mọ igi náà.

Nígbà tí a dé òkè, wọ́n fi Ìyáké hàn wá, wọ́n sì dárúkọ ibòmíràn: Agbọ́mọfúnyáké. Ní kíláàsì, à bá ní a-gbé-ọmọ-fún-Ìyáké ni, ká sì tọ́ka sí ibi tí ìpàrójẹ ti wáyé. Lẹ́nu bàbá, ìkìlọ̀ ni: ẹni tó bá já síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyáké ló ń lọ. Orúkọ yẹn ti kọ́ ọmọdé ìlú yẹn láti má sáré níbi eléwu, kí ìwé gírámà kankan tó dé.

A bẹ bàbá pé kí wọ́n sọ ìtàn tó kù. Wọ́n wo oòrùn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n? Ṣé wọ́n ń pàlọ́ lọ́sàn-án ni?" Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú fọ́tò púpọ̀ àti ìtàn díẹ̀.

Ohun tí a ń sọ nìyí. Ìrìn-àjò wákàtí mẹ́fà tí wọ́n máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ kò tó. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá gbogbo fi oorun orí òkè, ó kéré tán alẹ́ kan, kún ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2020, máa ṣọ́ ẹsẹ̀ òkè ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí àwa náà má rìnrìn-àjò lóru, ká gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ká má pàgọ́ sétí omi, ká sì kó ìdọ̀tí wa padà. Wọ́n máa ń fi Ìyáké wé Hanging Lake ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Láti 2019, ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó mọyì nǹkan ló ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tí a dé, màmá Ìkòtún wo fọ́tò akòko náà pẹ́. Wọ́n ní irú rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé bàbá àwọn, àwọn ò sì rí i mọ́ láti ọjọ́ tí àwọn ti dé Èkó. Wọ́n wá ní, "Tẹ́ ẹ bá tún ń lọ, èèyàn mélòó ni yóò tẹ̀ lé yín?"

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ bá wa dá màmá lóhùn. Ẹ jẹ́ ká pọ̀.