Ọ̀rọ̀ Sáfà Ọ́fíìsì Wa: Ẹ Jẹ́ Kí Á Kọ́kọ́ Wo Aago

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Ayépé lóṣù tó kọjá kì í ṣe tuntun sí yín mọ́. Ọjọ́ tí a fẹ́ san owó ẹ̀yáwó fún àwọn tó ń retí owó ilé-ìwé ọmọ ni gbogbo kọ̀ǹpútà kọ̀ láti gba àwọn òṣìṣẹ́ wọlé. Páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tẹ̀ lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà ní òun kò gbà á. Àwọn ìyá wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọjọ́ fi rọ̀, wọ́n sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà: kọ̀ǹpútà ti jẹ owó ẹgbẹ́! Àwọn kan tilẹ̀ ti kọ̀wé pé kí á kó gbogbo owó ìpamọ́ àwọn fún àwọn.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Sáfà tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró yẹn kì í ṣe ibi tí a ń kọ ìṣirò owó sí. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń ṣe. Òun ló ní orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti páásíwọ́ọ̀dù wọn lọ́wọ́, òun ló sì ń sọ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù pé ẹni báyìí jẹ́ tiwa, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ẹni báyìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé owó. Domain controller ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é. Linux ló wà nínú tiwa, Samba ni wọ́n sì gbé lé e lórí láti máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà.

Ohun tó mú wa kọ èyí ni àbá tí àwọn kan fẹ́ gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, pé kí á da sáfà náà nù, kí á lọ ra irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni a rí ti Linux gbà, ohun ọ̀fẹ́ kò sì lè dára. Àwa kò fara mọ́ àbá yìí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọkùnrin tí a pè wá tún un ṣe lọ́jọ́ náà kò lo ìṣẹ́jú 10 kó tó dájọ́. Ó ní sáfà ti bàjẹ́, kí á jẹ́ kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí òun tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tó fàáké kọ́rí, tó ní ẹnikẹ́ni kò ní pa ohunkóhun rẹ́ títí a ó fi ka ohun tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ a máa kọ ìwé o! Gbogbo ohun tó bá ṣe é ló ń kọ. Nígbà tí a kà á, ọ̀rọ̀ aago ló kún ibẹ̀. Aago sáfà ti sá sẹ́yìn ju 20 ìṣẹ́jú lọ.

Ẹlòmíràn yóò ní, kí ni aago wá ń wá nínú ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù? Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbowó kì í ṣàdédé lọ bá akápò. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni yóò kọ́kọ́ dé, akọ̀wé yóò fún un ní pépà tí a kọ ọjọ́ sí, pépà yẹn ni akápò yóò wò. Bí ọjọ́ orí pépà kò bá tọ̀nà, akápò yóò ní kó padà lọ gba òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò kan tó ń jẹ́ Kerberos ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì fi orúkọ ajá olórí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ pè é. Àṣé òyìnbó náà ń pàlọ́. Ajá yìí ń wo aago. Bí aago kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ àti ti sáfà bá fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ síra, kò ní gbà, páásíwọ́ọ̀dù ì báà tọ̀nà bí ọjọ́. Kì í ṣe agídí lásán ló ń ṣe. Bí kò bá wo aago, olè lè jí pépà àná kó fi wá gbowó lónìí.

Kí ló dé tí aago fi sá sẹ́yìn? Bátìrì pẹlẹbẹ kan bí owó ẹyọ wà nínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń mú kí aago máa rìn nígbà tí iná kò bá sí. Tiwa ti kú. Bí iná bá lọ (ta ni kò mọ bí iná ṣe ń lọ, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Odógbolú?), aago náà kú nìyẹn, nígbà tí iná bá sì dé, ibi tó bá wù ú ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bátìrì tí owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán kan ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ ra sáfà tuntun.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ aago yìí tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ tún irú sáfà yìí ṣe mọ̀. Aago ilẹ̀ wa fi wákàtí 1 ṣíwájú ti Greenwich. Bí ẹnìkan bá lọ yan aago Lọ́ńdọ́nù nígbà òtútù fún kọ̀ǹpútà kan, tó wá fọwọ́ yí i títí yóò fi bá aago ògiri wa mu, ojú yóò rí aago méjì tó dọ́gba, bẹ́ẹ̀ wákàtí 1 gbáko ló wà láàrin wọn nínú lọ́hùn-ún, nítorí pé àkókò Greenwich ni Kerberos fi ń ṣírò. Irú èyí lè mú ọlọ́gbọ́n ṣiṣẹ́ títí di òru.

Nígbà tí a tún aago ṣe tán, àwọn kọ̀ǹpútà kan wọlé, mẹ́ta kọ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù. Kọ̀ǹpútà kì í fi orúkọ mọ ibi tó ń lọ. Nọ́ńbà ló ń wá, ìwé orúkọ tí wọ́n ń pè ní DNS ló sì ń sọ nọ́ńbà náà fún un. Nínú ètò wa yìí, ọwọ́ sáfà ẹ̀ṣọ́ náà ni ìwé orúkọ ọ́fíìsì wà. Ẹnìkan tó wá bá wa tún íntánẹ́ẹ̀tì ṣe nígbà kan ti yí kọ̀ǹpútà mẹ́ta yìí sí 8.8.8.8, tí í ṣe ti Google, kí íntánẹ́ẹ̀tì lè yá. Kò sí ohun tó ṣe nọ́ńbà náà, ó sì dára fún ará ìta. Ṣùgbọ́n báwo ni Google yóò ṣe mọ orúkọ inú ilé wa? Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró ní Ìdúmọ̀tà, tó ń béèrè agboolé kan ní Ayépé lọ́wọ́ ẹni tí kò dé Ìjẹ̀bú rí. A dá wọn padà sọ́dọ̀ sáfà tiwa, wọ́n sì wọlé. Ó parí.

Ẹ wá jẹ́ kí á ronú ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nínú sáfà yẹn, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni àwọn fáìlì mọ̀, wọn kò mọ orúkọ. Bí a bá tún orúkọ kan náà kọ sínú sáfà tuntun, nọ́ńbà mìíràn ni yóò fún un. Ṣé ẹ rí i? Bí ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ bá jóná, tí a kọ òmíràn, tí a fún kálukú ní nọ́ńbà tuntun, kí ni páàsì búùkù tó wà nílé yín yóò bá mu? Gbogbo kọ̀ǹpútà ni a ì bá tún fọwọ́ so mọ́ sáfà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ì bá sì tún àṣẹ orí fáìlì tò. Owó ilé-ìwé tó pẹ́ ní ọjọ́ kan ì bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Nísinsin yìí, sáfà olówó tí wọ́n ní kí á rà, Active Directory ti Microsoft ló wà nínú rẹ̀, tó ti wà láti ìgbà Windows 2000. Kerberos náà ló ń lò. Ìṣẹ́jú 5 náà ló ń gbà. DNS náà ni kò gbọdọ̀ ṣì. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú tí kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú aago, àwọn ìyá wa yóò tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a ó ti san owó ìwé àṣẹ sáfà, a ó sì ti san lé orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tàbí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti pé ọ̀fẹ́ kò dára, ṣebí àwa ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló yẹ kí á mọ̀ jù. Linus Torvalds, ọmọ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Andrew Tridgell ní Australia ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó di Samba, tó kọ́kọ́ gbé jáde ní 1992. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti ń dá sí i, bí ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, títí Samba 4.0 fi jáde ní oṣù Kejìlá 2012, tó lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ Active Directory. Ọ̀wẹ̀ ni bàbá wa fi kọ́ ilé, ilé náà kò wó.

Ṣùgbọ́n kí á má parọ́, àwọn tó mú àbá wá kò sọ̀rọ̀ òfo. Sáfà kan ṣoṣo ni a ní. Bó bá wó, kò sí èkejì. Ẹni tó mọ inú rẹ̀ kò gbé Ayépé. Ẹjọ́ méjèèjì yìí tọ́, owó sì ló máa gbà. Èrò tiwa ni pé kí á fi díẹ̀ nínú owó tí wọ́n fẹ́ fi ra sáfà tuntun ra kọ̀ǹpútà kejì tí yóò máa bá ti àkọ́kọ́ ṣe ẹ̀ṣọ́ pọ̀, àti inverter tí yóò gbé àwọn méjèèjì. Kí á rán ọ̀dọ́ méjì nínú ọmọ ẹgbẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ Linux. Méjì la wí o, nítorí ọ̀kan lè jápa. Kí wọ́n máa fi samba-tool domain backup ṣe àdàkọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, nítorí àdàkọ tí a kò dán wò rí, a kò tíì mọ̀ bóyá àdàkọ ni. Kí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì máa gba aago lọ́dọ̀ sáfà, kí sáfà máa gba tirẹ̀ láti ìta. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já ní 14 oṣù Kẹta 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dá wahala sílẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilé tó bá tò ó báyìí kò ní ìṣòro ìwọlé. Bí aago wọn tilẹ̀ ṣì díẹ̀, wọ́n jọ ṣì pọ̀ ni, ajá kò sì ní gbó.

Ó ku ti àwọn tó ń tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan sáfà náà láti ìsinsin yìí gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí, ohun tó yí àti aago tó yí i sínú ìwé kan, kó sì buwọ́ lù ú. Ká ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà nígbà tí wọ́n yí 8.8.8.8 yẹn ni, wàhálà kọ̀ǹpútà mẹ́ta ì bá tán láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bátìrì tuntun ti wà nínú sáfà báyìí, gbogbo owó ẹ̀yáwó oṣù náà sì ti tẹ̀ àwọn tó ni ín lọ́wọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà lórí tábìlì akọ̀wé, ojú ewé àkọ́kọ́ ti kún. Ẹni tó bá fẹ́ kà á kí ìpàdé tó dé, kó yà wá ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí.